Oníṣẹ́ ara-ẹni tó fẹ́ mú ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba: èwo nínú owó rẹ̀ ni wọ́n máa kà?

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ọ́fíìsì ìgbéyàwó tó wà ní Ìkòyí kì í gbèrò mọ́. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti dé, aṣọ ẹbí ti wà lọ́rùn, olórin ti gba àsansílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tó ti London wá á padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kejì á kù sí Ṣómólú, sí Súúrùlérè tàbí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, á máa ka ọjọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ owó máa ń yọjú. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún, ṣé owó tó ń wọlé fún un tó iye tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè kó tó lè mú ẹni tó fẹ́ wá sọ́dọ̀?

Fún ẹni tó ń gba owó oṣù, ìdáhùn kì í pẹ́. Iye tí òfin sọ ni £29,000 lọ́dún, kí wọ́n tó yọ owó orí. Nọ́ọ̀sì tó ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, tí owó oṣù rẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀, á kó ìwé owó oṣù mẹ́fà jọ pẹ̀lú ìwé báńkì oṣù mẹ́fà náà, á fi lẹ́tà ibi iṣẹ́ rẹ̀ lé e, ó parí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ló lójú pọ̀: alásè òde, obìnrin tó ń dirun ní Peckham, awakọ̀ tó ń fi áàpù kó èrò, ayàwòrán òde, onílù àti olórin. Àwa Yorùbá kì í jókòó de ẹni tó máa gbà wá síṣẹ́, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Nínú wọn la ti ń rí ẹni tí owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ju ti nọ́ọ̀sì lọ, tí wọ́n sì kọ físà ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹni tó ń ta léèsì ní Balógun mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó tó wọ àpótí láti àárọ̀ àti owó tó kù lálẹ́, lẹ́yìn tó ti san owó ọjà, owó aláàárù àti owó ṣọ́ọ̀bù. Owó tó kù yẹn, ìyẹn èrè, ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó físà, ń kà. Wọn ò sì ní kí ẹ fẹnu sọ ọ́. Iye tí ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ sínú ìwé owó orí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí HMRC, àjọ tó ń gba owó orí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n máa mú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo àlàyé yìí nìyẹn: ọjọ́ tí oníṣẹ́ ara-ẹni bá jókòó kọ ìwé owó orí rẹ̀, ìwé físà ẹnì kejì rẹ̀ ló ń kọ, bí kò bá tiẹ̀ tíì ro físà lọ́jọ́ náà.

Kí n sọ ibi tí iye yìí ti wá. Ní oṣù Keje 2012, nígbà tí Theresa May jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ni wọ́n kọ́kọ́ fi òfin kàn án pé ẹni tó fẹ́ mú ọkọ tàbí ìyàwó wá gbọ́dọ̀ ní £18,600 lọ́dún. Bí ọmọ bá wà tí ẹ fẹ́ mú wá pẹ̀lú, ẹ ó fi £3,800 kún un fún àkọ́kọ́, £2,400 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Àwọn tọkọtaya gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù Kejì 2017, àwọn adájọ́ ní ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti dá iye owó kan, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wo ire àwọn ọmọ, kí wọ́n sì wo owó tó bá lè ti ibòmíràn wá níbi tí kíkọ físà bá máa da ilé rú ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 11 oṣù Kẹrin 2024, iye náà fò sókè sí £29,000, wọ́n sì mú àfikún ti ọmọ kúrò. Ìjọba ìgbà yẹn ní àwọn ṣì máa gbé e dé £34,500, lẹ́yìn náà £38,700. Ìjọba Labour tó gorí àlééfà ní oṣù Keje 2024 dá ìyẹn dúró, ó ní kí Migration Advisory Committee, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àlejò, bá òun wò ó. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ jáde ní oṣù Kẹfà 2025, wọn ò fara mọ́ £38,700. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò yìí pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ ṣáájú 11 oṣù Kẹrin 2024, £18,600 àtijọ́ ni wọ́n ṣì máa fi wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ń tún físà ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi alásè kan ṣe àpẹẹrẹ, obìnrin tó ń se jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹ̀fọ́ rírò fún òde ní London, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ atẹ̀wé ní Ṣómólú. Láàárín ọdún kan, £42,000 wọlé fún un. Ìrẹsì, ẹran, epo àti èlò ọbẹ̀ gba £8,500. Ilé ìdáná tó háyà gba £4,000. Ó ku £29,500, iye náà sì ti kọjá ohun tí òfin ń fẹ́. Ó wá kó ìwé rẹ̀ fún akáńtáǹtì. Kí owó orí oníbàárà kéré ni akáńtáǹtì ń lépa, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó bi í pé: fóònù yín ńkọ́? Iná ilé ńkọ́? Epo mọ́tò ńkọ́? Aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ sóde ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń kó o lé ara wọn, ó di £4,000 mìíràn. Èrè já wálẹ̀ sí £25,500. Inú alásè wa dùn, nítorí owó orí àti owó National Insurance tí ì bá san lórí £4,000 yẹn jẹ́ 26 nínú 100, ìyẹn £1,040, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bá wá béèrè físà fún ọkọ rẹ̀, ìwé yẹn á jẹ́rìí pé £25,500 ló pa. Ó fi £3,500 dín. Kò sí fọ́tò òde tó lè fi hàn wọ́n, kò sí lẹ́tà oníbàárà tó lè yí i padà. Owó físà náà, tí kì í padà bọ̀ bí wọ́n bá ti wo ìwé tí wọ́n sì kọ̀ ọ́, di £1,938 ní oṣù Kẹrin 2025. Owó ìlera tí wọ́n ń san mọ́ ọn, £3,105 fún físà ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n máa ń dá ìyẹn padà, àmọ́ ọdún tó lọ kò ṣeé dá padà. Nítorí £1,040, ọkọ àti ìyàwó tún wà lórí WhatsApp fún ọdún kan sí i.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni parọ́ èrè fún agbowó-orí o. Owó tí iṣẹ́ ná lóòótọ́, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi kún un nínú àpẹẹrẹ wa. Aṣọ tí èèyàn lè wọ̀ lọ síbi gbogbo, HMRC kò kà á mọ́ ìnáwó iṣẹ́. Iná ilé, ìwọ̀nba tí iṣẹ́ lò nìkan ló tọ́. Epo mọ́tò, ti ìrìn iṣẹ́ nìkan, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé ìwé ọmọ. Bí ẹ bá yọ ohun tí kì í ṣe ti iṣẹ́ kúrò, òtítọ́ lẹ ṣe, èrè yín á sì gbé orí sókè. Ẹ sọ fún akáńtáǹtì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ fẹ́ mú ọkọ tàbí ìyàwó wá, nítorí kò lè mọ̀ bí ẹ kò bá sọ fún un.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn lè padà lọ tún ìwé owó orí ṣe tí ọjọ́ físà bá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Òótọ́ ni pé HMRC fàyè gba àtúnṣe fún ọdún kan lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìíní tó jẹ́ gbèdéke fífi ìwé náà ránṣẹ́. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ san owó orí tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Balajigari. Àwọn àlejò kan ti sọ iye ńlá fún Home Office nígbà tí wọ́n fẹ́ físà, wọ́n sì ti sọ iye kékeré fún HMRC nígbà tí owó orí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìwé ìgbélùú títí ayé kò, àwọn kan sáré lọ tún ìwé owó orí wọn ṣe. Home Office pe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oníjìbìtì, wọ́n kọ ìwé wọn. Ní oṣù Kẹrin 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé kò tọ́ kí wọ́n na irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sí èèyàn láìkọ́kọ́ fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Ìdájọ́ náà dára, àmọ́ ẹ wo iye ọdún tí àwọn ìdílé yẹn fi wà nínú ìbẹ̀rù kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Àjọ méjèèjì yìí máa ń béèrè ọ̀rọ̀ yín lọ́wọ́ ara wọn. Iye kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa sọ fún àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kọ́ńpìnnì, kó fara balẹ̀ ka ibí yìí. Bí ìpín kọ́ńpìnnì náà bá wà lọ́wọ́ yín, lọ́wọ́ ẹnì kejì yín tàbí lọ́wọ́ ẹbí yín, Home Office kì í kà yín sí òṣìṣẹ́ lásán. Ọ̀nà oṣù mẹ́fà ti nọ́ọ̀sì ti dí mọ́ yín, ọ̀nà ọdún kan gbáko ti oníṣẹ́ ara-ẹni lẹ máa gbà. Owó oṣù tí ẹ san fún ara yín àti èrè ìpín tí ẹ yọ ni wọ́n máa kà, èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú àpò kọ́ńpìnnì kò sí nínú ìṣirò. Àwọn akáńtáǹtì sì fẹ́ràn kí ọ̀gá kọ́ńpìnnì kékeré máa san £12,570 fún ara rẹ̀, nítorí iye yẹn ni owó orí kì í kàn, kó wá fi ìyókù sílẹ̀ nínú kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì lè pa £60,000, kí Home Office rí £12,570.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti rò pé ìmọ̀ràn lè ran èèyàn lọ́wọ́ jù. Ọdún owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù Kẹrin, á sì parí ní 5 oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Oníṣẹ́ ara-ẹni lè fi èrè ọdún kan tó parí kẹ́yìn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ìsọ̀rí F, tàbí kó kó èrè ọdún méjì tó parí kẹ́yìn pọ̀ kó pín in sí méjì, ìyẹn ìsọ̀rí G. Ẹni tó pa £34,000 lọ́dún kan tó sì pa £25,000 lọ́dún kejì, bó bá gba ọ̀nà G, £29,500 ló máa jẹ́, ó ti yege. Ọdún tó parí kẹ́yìn gan-an ni wọ́n ń wí o, kì í ṣe ọdún tó wù yín. Ẹni tó bá fi ìwé sílẹ̀ ní 20 oṣù Kẹta 2026, ọdún tó parí ní oṣù Kẹrin 2025 ni wọ́n máa wò. Bó bá fi falẹ̀ di 20 oṣù Kẹrin 2026, ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 5 oṣù náà ló di dandan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé HMRC fún un láyè di 31 oṣù Kìíní 2027 kó tó kọ ìwé rẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹni tí ọdún tó kọjá san án ju tọdún yìí lọ, kó tètè ṣe kí oṣù Kẹrin tó dé. Ẹni tí ọdún yìí san jù, kó dúró kó parí, kó sì fi ìwé owó orí ránṣẹ́ lọ́gán láìdúró de January.

Ìwé tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ìwé owó orí ọdún náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú SA302 tàbí àkọsílẹ̀ HMRC tó fi iye owó orí hàn, ẹ̀rí pé ẹ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ara-ẹni, ìwé báńkì iṣẹ́ tí ẹ bá ní i, ìwé báńkì tiyín fún oṣù méjìlá kan náà tí ìwé owó orí bo, àti ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà ṣì ń lọ. Ìwé báńkì yìí ló ń kó àwọn olówó ọwọ́ sí ìṣòro. Owó tí wọ́n ná mọ́ onílù lórí, owó tí oníbàárà kì bọ onídìrí lápò, owó tí alásè gbà lọ́wọ́ ìyá ìyàwó lálẹ́ òde tó sì fi ra ẹran láàárọ̀ ọjọ́ kejì: bí kò bá gba báńkì kọjá, lójú Home Office, kò sí. Ẹ máa fi sí báńkì kẹ́ ẹ tó ná an. Kò nira, àfi pé ó gbọ́dọ̀ ti máa ṣẹlẹ̀ fún oṣù méjìlá kí ọ̀rọ̀ físà tó dé.

Ibi tó dùn mí jù nínú òfin yìí ni ti owó ìpamọ́. Àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lọ́dọ̀ Home Office, lóòótọ́, ọ̀nà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ti oníṣẹ́ ara-ẹni kò gbọdọ̀ yà sí ti owó ìpamọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá fi £3,500 dín, ó lè fi owó tó ti wà ní báńkì fún oṣù mẹ́fà dí i: wọ́n á yọ £16,000 àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á wá béèrè ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ iye tó dín. £24,750 ló máa ní lápapọ̀. Alásè wa tó fi £3,500 kan náà dín, bó ní £24,750 ní báńkì, bó tilẹ̀ ní £60,000, wọn ò ní kà á mọ́ èrè rẹ̀. Àyàfi kó pa èrè iṣẹ́ tì pátápátá, kó fi owó ìpamọ́ nìkan sílẹ̀, iye ìyẹn sì jẹ́ £88,500. Bí a bá fi ₦2,000 sí pọ́ùn kan ṣe ìṣirò, ₦177,000,000 nìyẹn. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí ohun tó fi tọ́ kí wọ́n ṣe ìyàtọ̀ yìí láàárín ẹni tó ń gba owó oṣù àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ ń lọ sókè sódò ló yẹ kí wọ́n jẹ́ kí owó ìpamọ́ ràn lọ́wọ́.

Atẹ̀wé tó wà ní Ṣómólú ńkọ́? Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lásìkò ìbò àti lásìkò kàlẹ́ńdà. Owó yẹn kò sí nínú ìṣirò. Nígbà tí ẹni tó wà ní Èkó bá ń béèrè físà láti òkèèrè, owó iṣẹ́ ẹni tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń kà. Oníṣòwò Balógun tó ń pa ìlọ́po owó tí ọkọ rẹ̀ ń pa ní London, èrè rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ níbí yìí. Owó ìpamọ́ rẹ̀ ní báńkì lè wúlò, nítorí owó ìpamọ́ lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, àmọ́ a ti rí i pé kò lè bá èrè iṣẹ́ ara-ẹni rìn.

Ohun kan wà ní Èkó tó lè bá a rìn, òun náà ni owó ilé. Bí ọkọ tàbí ìyàwó bá ní ilé tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé, tí ayálégbé wà nínú rẹ̀, Home Office gbà kí wọ́n fi owó ilé náà kún èrè iṣẹ́, yálà ilé náà wà ní London tàbí ní Èkó, níwọ̀n ìgbà tí owó náà bá wọlé láàárín ọdún owó orí kan náà. Ká ní atẹ̀wé wa ní ilé mẹ́rin lójú kan ní Bàríga, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦1,800,000 wọlé lọ́dún. ₦7,200,000 lápapọ̀, £3,600 ní iye ₦2,000 tí a fi ń ṣe ìṣirò. £25,500 pẹ̀lú £3,600 jẹ́ £29,100. Ilé tó wà ní Bàríga ti dí àlàfo tí aṣọ òde àti epo mọ́tò dá sílẹ̀ ní London.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gba owó ilé l'Ékòó, Ọlọ́run ló mọ iye lándíọ́ọ̀dù tó lè fi ìwé rẹ̀ hàn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè: ìwé tó fi hàn pé ilé jẹ́ tiyín, ìwé àdéhùn pẹ̀lú ayálégbé, àti ìwé báńkì oṣù méjìlá tó fi hàn pé owó náà wọlé sí àpò tó ní orúkọ yín. Ti àkọ́kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ bẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé tí a ń pè ní tiwa, ilé bàbá ni. Bàbá ti kú, wọn ò tíì pín ilé, gbogbo ọmọ ló ń jẹ nínú owó rẹ̀, orúkọ tó wà lórí ìwé ṣì ni ti olóògbé. Owó irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiyín lójú òfin títí ìwé á fi sọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó jẹ́ pé rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó bá ti gba ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Alausa kọjá ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó bá sì mọ bí ọ́fíìsì yẹn ṣe ń lọ mọ̀ pé iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni, kì í ṣe ohun tí a ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí físà kù.

Ìwé àdéhùn àti báńkì rọrùn jù ú lọ, bí ọkàn bá gbà. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé lándíọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ fún un ní rìsíìtì. (Òfin náà kò kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island.) Gbogbo wa la mọ lándíọ́ọ̀dù tó ń gba ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, lówó ọwọ́, láìsí ìwé kankan. Yàtọ̀ sí pé ó ń ni ayálégbé lára, ó ń ba físà ara rẹ̀ jẹ́: ẹni tó gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, ìwé báńkì rẹ̀ á ṣófo ní ọdún kejì, ẹni tó sì gbà á lówó ọwọ́ kò ní nǹkan kan láti fi hàn. Ẹ jẹ́ kí ayálégbé fi owó ránṣẹ́ sí báńkì lọ́dọọdún, kó kọ nọ́ńbà ilé sí i, kí àdéhùn wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì.

Ẹni tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún lè fi iṣẹ́ olówó oṣù kún iṣẹ́ ara rẹ̀, bí alásè tó ń ṣe ìtọ́jú arúgbó lópin ọ̀sẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí owó méjèèjì bá wọlé nínú ọdún owó orí kan náà tí iṣẹ́ méjèèjì sì ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ń gba owó ìrànwọ́ àìlera bíi PIP, tàbí Carer's Allowance nítorí pé ó ń tọ́jú aláìlera, £29,000 kò kàn án rárá. Ohun tí wọ́n ń wò fún un ni bóyá owó tó kù lẹ́yìn owó ilé tó bọ́ ìdílé. Níbi tí kíkọ físà bá sì máa fìyà jẹ ọmọ tàbí tú ìdílé ká lọ́nà tó kọjá ààlà, wọ́n lè wo ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ìyẹn ibi tí ẹjọ́ 2017 já sí. Ẹ má fi ọ̀nà yẹn ṣe ọ̀nà àkọ́kọ́ láìsí lọ́yà.

Èmi mọ̀ pé àwọn kan tó ń ka èyí, Houston tàbí Maryland ni ẹnì kejì wọn wà. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Wọn kì í dá iye kan fún gbogbo ayé, ìdá 125 nínú 100 ìlà òṣì, ìyẹn iye tí ìjọba ibẹ̀ kà sí ààlà ìṣẹ́, ni wọ́n ń wò, gẹ́gẹ́ bí èèyàn inú ilé bá ṣe pọ̀ tó. Ní 2025, $26,437 ni fún ilé ẹni méjì, $33,312 fún ẹni mẹ́ta. Oníṣẹ́ ara-ẹni níbẹ̀ náà, èrè tó kù lẹ́yìn ìnáwó ló ń wọ ìwé owó orí rẹ̀, ìlà 9 lórí fọ́ọ̀mù 1040 sì ni fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́, I-864, ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ti fi ìnáwó jẹ èrè rẹ̀ tán á kan ìṣòro kan náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àbáyọ pọ̀ lọ́hùn-ún: ẹlòmíràn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card lè bá a fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ kejì, ohun ìní náà sì wúlò bó bá ṣeé tà láàárín ọdún kan. Bí onígbọ̀wọ́ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń mú ọkọ tàbí ìyàwó wá, ìlọ́po mẹ́ta iye tó dín ni ohun ìní náà gbọ́dọ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìbátan rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé yẹn, kó mọ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ kì í pa á rẹ́. Ó ń lọ títí àlejò náà á fi di ọmọ onílẹ̀, tàbí tí iṣẹ́ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn bá pé bí ọdún mẹ́wàá, tàbí tó bá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ pátápátá, tàbí tó bá kú.

Ìṣòro tó ju ti owó lọ ti dé bá ti Amẹ́ríkà báyìí. Láti 21 oṣù Kìíní 2026 ni ìjọba ibẹ̀ ti dá fífún ọmọ orílẹ̀-èdè 75 ní físà ìgbélùú dúró, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn ò fẹ́ kí àlejò di ẹrù sọ́rùn ìjọba. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé owó díẹ̀ ló kù kí físà rẹ̀ jáde ní kọ́ńsólétì Walter Carrington, kó ṣọ́ra fún ẹni tó sọ ọ́.

Kí n padà sọ́dọ̀ alásè àti atẹ̀wé. Ká ní wọ́n ti to ìwé wọn, ọkọ ti lọ tẹ̀ka ní Ìkẹjà, físà ti jáde. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ló máa gbé e. Kó tó tán, wọ́n á tún un ṣe fún ọdún méjì àti ààbọ̀, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni ìwé ìgbélùú títí ayé á kàn. Wọ́n á tún béèrè £29,000 náà nígbà tí wọ́n bá ń tún un ṣe, wọ́n á sì tún béèrè rẹ̀ nígbà ìwé ìgbélùú. Ohun tó yàtọ̀ ni pé láti ìgbà àtúnṣe yẹn, owó iṣẹ́ ọkọ náà wọ ìṣirò, nítorí ó ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Bó bá gba iṣẹ́ olówó oṣù, kó máa tọ́jú ìwé owó oṣù rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tún rà síbẹ̀, kó tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, kó ya àpò báńkì iṣẹ́ sọ́tọ̀, kó sì sọ fún akáńtáǹtì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé pé físà ṣì wà níwájú òun.